Karna Kure, Afọ́jú Òǹkọ̀wé Tó Lo Ayé Rẹ̀ Láàárín Àwọn Ayàwòrán Stenvig

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1931, nígbà tí yìnyín ṣì di èbúté pa, ni a bí Karna Botilla Ipsen ní abúlé Stenvig, ní etíkun àríwá erékùṣù Bornholm. Bàbá wọn ni Olóògbé Hans Ipsen, afọ́-òkúta, ọmọ afọ́-òkúta. Ìyá wọn ni Olóògbé Botilla Ipsen, tó ń fi èéfín yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté títí ó fi darúgbó. Ìdílé Ipsen ti wà ní Stenvig kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ orúkọ sílẹ̀. Òkúta àtẹ̀gùn tí ẹ gùn wọ ilé Ọlọ́run lónìí, ọwọ́ bàbá bàbá wọn ló gé e. Karna ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin, ilé ìjọsìn yìí náà sì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi.

Ojú tó ríran kedere ni wọ́n gbé wáyé. Ní ìgbà òtútù ọdún 1937, èèyi jà ní Stenvig, ó sì dá ọ̀pọ̀ ọmọdé dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara Karna yá, ojú kò yá mọ́. Àwọn aládùúgbò wá kí wọn, wọ́n dúró yí ibùsùn ká, wọ́n ń sunkún. Ìyá àgbà wa Botilla jẹ́ kí wọ́n sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wí pé:

"Ó tó. Ẹ má sunkún sí i létí. Ojú ló lọ, etí kò bá a lọ."

Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà kì í ti ibi iṣẹ́ dé láìkọ́kọ́ jókòó ti ọmọ yìí, kí ó ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté fún un: ọkọ̀ tó dé, ẹni tó bú ẹnìkejì rẹ̀, bí omi ṣe rí. Màmá wa Karna máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé kíkọ, kí àwọn tó mọ ohun tí ń jẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún 1938 Màmá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní òdìkejì òkun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé tí a ń fi ìka kà, tí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń tẹ tàípù. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìtàn, wọ́n kórìíra iṣẹ́ agbọ̀n híhun. Ìyẹn gan-an sì ni iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ rò pé ó yẹ wọ́n. Nígbà tí wọ́n jáde ní ọdún 1948, wọ́n padà sí Stenvig pẹ̀lú ẹ̀rọ tàípù kan àti ẹ̀rí pé wọ́n mọ agbọ̀n hun. Wọn kò hun agbọ̀n kankan mọ́ títí ayé.

Stenvig tí wọ́n padà dé ti kún fún oníṣẹ́-ọnà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí òkun lọ́dọ̀ wa ló ń fà wọ́n wá láti Copenhagen àti láti Sweden. Ayàwòrán wà nínú ilé apẹja, agbẹ́gilére wà nínú àká. Ẹni tó bá fẹ́ gba ojú ọ̀nà èbúté kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní láti máa yẹra fún ẹsẹ̀ àwọn pákó tí wọ́n gbé àwòrán lé. Karna wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìkòkò àwọn Kure, wọ́n sì fi wọ́n sí ìdí amọ̀ pípò.

Esben Kure, ọmọ onílé ìkòkò, ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ kan ó gbé àwokòtò tútù kan lé Karna lọ́wọ́.

"Fọwọ́ kàn án, kí o sọ fún mi."

Karna yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ó ti ṣe jù. Àwo yìí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yin òun."

 Esben gba àwo náà, ó sì rún un padà sí amọ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ kí o máa wá."

"Ojoojúmọ́ kọ́ ni mo ń wá ni?"

"Mo ní kí o máa wá, kí o má lọ mọ́."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹfà ọdún 1955. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Malene, Anker àti Sidsel. A dàgbà nínú ilé tí eruku amọ̀ wà lórí gbogbo nǹkan, tí ìró tàípù sì ń gba àárín ìró àgbá tí wọ́n ń yí mọ ìkòkò kọjá.

Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà, èèṣì ni. Àwọn ayàwòrán máa ń wá ra ife, wọn kì í tètè lọ, Màmá á sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń yà lọ́wọ́ fún òun. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi kan títí kọfí fi tutù, ó sọ ti okùn rẹ̀, ó sọ ti omi tó fi ń wẹ ìdí rẹ̀. Ó wá fi kún un pé ilé kan wà létí òkun.

"Kí ni ilé yẹn wá ṣe níbẹ̀?" ni Màmá bi í.

 Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà ti kun ọ̀dà bo ilé náà mọ́lẹ̀ nínú àwòrán rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ jáde á kọ́kọ́ wá sọ ọ́ létí Karna. Bí ọ̀rọ̀ bá dà á láàmú nígbà tó ń sọ ọ́, á mọ̀ pé àwòrán náà kò tíì parí. Màmá ń tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ sínú tàípù, ìwé ìròyìn erékùṣù wa sì ń gbé e jáde. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àròkọ náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé: "Àárín àwọn tó ń fi ojú jẹun ni mò ń gbé, mo sì ti rí i pé ojú nìkan kì í tó wọn. Nígbà tí iṣẹ́ bá le, gbogbo wọn a máa dijú."

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni èyí dùn mọ́ nínú. Ní ọdún 1962, Bàbá wa fa orúkọ ìyàwó wọn kalẹ̀ pé kí ó di ọmọ Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-ọnà Stenvig. Olórí ẹgbẹ́ nígbà náà ni Ọ̀gá Villads Thorsager, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, tó ń dá gbé nínú ilé kan lórí bèbè òkúta gíga tó wà lókè òkun. Ọ̀gá Villads dìde nínú ìpàdé.

"Mo bọ̀wọ̀ fún aya Esben," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí àwọ̀ kò lè jókòó níbi tí a ti ń ṣèdájọ́ àwọ̀. Bí a bá gbà á, ayé á fi wá ṣẹ̀sín."

"Ọ̀gá," ni Màmá, tí Bàbá mú wá sí ìpàdé náà, fèsì, "mo rí àwọ̀ títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́fà. Pupa tí mo rí nígbà náà kò tíì ṣá. Ti yín ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìbò, wọn kò sì gba Màmá wọlé. Bàbá wa fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Màmá ló dá wọn lẹ́kun. Wọ́n ní bí Bàbá bá kúrò, ta ni yóò máa wá ròyìn ìpàdé fún àwọn?

Ìwé wọn àkọ́kọ́, *Ohun Tí Wọ́n Sọ Fún Mi*, jáde ní ọdún 1968, wọ́n sì kà á jìnnà ju Bornholm lọ. Nígbà tí ọdún 1971 ń parí lọ, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Copenhagen pè wọ́n pé kí wọ́n wá máa sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí Màmá ti ń fọkàn fẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ nìyẹn. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo sínú àpótí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni a fi ṣe àkókò ìṣílọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé ọdún kan náà, tí Màmá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Villads wá ra ife. Wọ́n kí gbogbo ilé bí wọ́n ṣe ń ṣe, wọ́n ṣàwàdà, ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ náà ń bi ilẹ̀ léèrè kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ọwọ́ tó ń wá etí àtẹ kiri kí ó tó gbé ife. Ọ̀gá Villads, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kò dárúkọ àwọ̀ kan ṣoṣo títí wọ́n fi lọ. Màmá mọ ìrìn náà. Ìrìn afọ́jú ni, ìrìn Màmá fúnra wọn.

Nígbà tí ìrúwé ọdún 1972 dé, ìròyìn kan dé sí orí tábìlì wa nígbà tí a ń jẹun àárọ̀: Ọ̀gá Villads ti kó gbogbo búrọ́ọ̀ṣì wọn fún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti sọ fún obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn pé kí ó má wá mọ́. Màmá gbé búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n gba ọ̀nà bèbè òkúta lọ. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ, Màmá fúnra wọn ló sọ ọ́ fún wa nígbà tí Ọ̀gá Villads ti kú, nítorí wọ́n ní ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ti fún àwọn láṣẹ.

"Ta nìyẹn?" ni Ọ̀gá Villads béèrè láti inú ilé.

"Karna ni."

"Kí lo wá wò? Kò sí nǹkan tuntun níbí."

"Ọ̀gá, èmi kì í wá wo nǹkan. Kọfí ni mo wá mu."

"Kọfí ò sí."

"Ó wà. Ó ń jó lórí iná, mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀."

Màmá wọlé. Omi kọfí ti ṣàn kiri orí tábìlì, ife tó fọ́ wà nílẹ̀. Wọ́n wá aṣọ, wọ́n nu tábìlì, wọ́n gbé ife mìíràn ka iwájú Ọ̀gá Villads, wọ́n sì di ọwọ́ Ọ̀gá mú.

"Ẹ fi ìka kọ́ etí ife láti inú. Ẹ rọra máa dà á. Bí ooru bá ti kan ìka yín, ẹ dúró."

Ọ̀gá Villads dà á. Kò ṣàn. Wọ́n jókòó, wọn kò mu ún.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ wá ra ife."

"O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe fún ọ?"

"Ojú yín ni. Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ìjì kékeré kan ń fẹ́ lórí bèbè náà. Ọ̀gá Villads ní, "Karna, mi ò fẹ́ gbé inú òkùnkùn yìí. Mo ti ro ó dáadáa. Ojú ọ̀nà tó lọ sí etí bèbè ò jìnnà, mi ò nílò ojú láti débẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

"Ìwọ, báwo lo ṣe ṣe é?"

"Ẹnì kan ń wá jókòó tì mí lójoojúmọ́. Ìyá mi ni. Èmi náà á máa bọ̀."

Nígbà tí Màmá délé, wọ́n bá Bàbá wa nídìí àgbá ìkòkò.

"Esben, mi ò lè lọ sí Copenhagen mọ́."

Bàbá wa dá àgbá dúró. "Nítorí Villads? Villads tó lé ọ síta?"

"Òun náà ni."

 Bàbá ti ta àwọn àtẹ kan nítorí ìṣílọ náà. "Ó dára," ni wọ́n wá wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa tú àwọn àpótí wọ̀nyẹn. Èmi ò tú nǹkan kan."

Báyìí ni rédíò Copenhagen ṣe bọ́ lọ́wọ́ Màmá. A kò ní purọ́ pé kò dùn wọ́n. Sidsel bá wọn lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ àpótí tó ṣófo, tí wọ́n ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n gba ọ̀nà bèbè lọ.

Wọ́n kọ́ Ọ̀gá Villads bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń gé búrẹ́dì, bí a ṣe ń fi ìka kàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ burúkú ni. Ó ń bínú, ó ń sọ ìwé lu ògiri, Màmá á sì ní, "Ẹ wá a. Ẹ̀yin lẹ jù ú." Nígbà tí Màmá mú wọn wá sí ilé ìkòkò tí wọ́n fi amọ̀ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n tì í kúrò: "Ayàwòrán ni mí, Karna. Mi ò mọ ìkòkò." Ó pẹ́ gan-an tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ iná ààrò ni wọ́n kàn ń jókòó sí, tí wọ́n ń bá Bàbá wa jiyàn.

Ní ọdún 1973, ìjì ńlá kan láti ìlà-oòrùn ká wọn mọ́ ilé wa ní ọ̀sán gangan. Òkun ń bú, ògiri ń gbọ̀n. Ọ̀gá Villads na ọwọ́ sí amọ̀ pẹlẹbẹ tó wà lórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi èékánná fà á, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í.  Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n ní, "Karna, wá wò ó."

Màmá gbé ìka lé e. Anker wà níbẹ̀. Ó ní òun kò rí ojú Màmá bẹ́ẹ̀ rí, àfi bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ nínú ilé tó rò pé ó ṣófo. Òkun ni. Kì í ṣe àwòrán òkun, òkun gan-an ni, bí ó ti ń wú, bí ó ti ń ṣẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn lé e bọ̀. Ìka Màmá lọ dé ibì kan, ó dúró.

"Ibí yìí pupa," ni wọ́n wí.

Ọ̀gá Villads béèrè pé: "Báwo lo ṣe mọ̀? Pupa ni mo ń rò níbẹ̀. Oòrùn tó ń wọ̀ ni."

"Mi ò mọ bí mo ṣe mọ̀," ni Màmá fèsì. Títí wọ́n fi kú, wọn kò rí àlàyé mìíràn ṣe ju ìyẹn lọ. Nínú ìwé wọn kejì wọ́n kọ ọ́ pé: "Mo ti rò pé mo mọ ohun tí iṣẹ́ ọnà jẹ́. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dúró sí."

Bí ògiri òkun tó wà ní èbúté wa, tí a fi pẹlẹbẹ amọ̀ sísun tò, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá Villads ń mọ ọ́, Màmá ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá wa ń sun ún nínú ààrò. Ní ọdún 1976, nígbà tí wọ́n ṣí ààrò, wọ́n bá iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù tó ti fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ọ̀gá Villads ní, "Ó tán." Bàbá wa ní, "Ààrò ló fọ́ ọ, amọ̀ ò tán." Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ṣí ògiri náà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1978. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò ní gbàgbé. Àwọn tó ń ríran dijú wọn, wọ́n fi ọwọ́ lé e, wọ́n ń rìn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí omi ti parọ́rọ́ títí dé ibi tí ìgbì ti ga ju orí ènìyàn lọ. Àwọn apẹja àgbà fi ìka mọ ibi tí òkúta abẹ́ omi wà, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀. Opó kan tí omi gbé ọkọ rẹ̀ lọ dé ibì kan lára ògiri, kò lọ mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó kúrò.  Nígbà náà ni Ọ̀gá Villads wí pé:

"Mo fa Karna Kure kalẹ̀ láti di ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá lòdì sí i kó sọ̀rọ̀."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Màmá ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó wò ná." Ẹ̀rín ya gbogbo èbúté. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi rò ó kí wọ́n tó gbà.

Ọ̀gá Villads sùn ní ọdún 1981, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ Màmá. Ìwé kejì, *Láàárín Àwọn Tó Ń Ríran*, jáde ní ọdún 1984, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀. Rédíò Copenhagen ló wá bá wọn ní Stenvig lẹ́yìn èyí, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí ilé ìkòkò.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá jẹ́ ọmọ ìjọ Luther yìí tọkàntọkàn. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà èwe, ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n bá àlùfáà jiyàn lórí ìwàásù tó bá fi afọ́jú ṣe àpèjúwe ẹlẹ́ṣẹ̀, àlùfáà mẹ́ta tó tẹ̀ léra ló sì fi irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nínú ìlú, wọ́n bẹ àwọn alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé títí wọ́n fi gbà kí àwọn afọ́jú máa fọwọ́ kan ère. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ afọ́jú ní ìwé kíkà, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má fi agbọ̀n bẹ̀rẹ̀.

Bàbá wa Esben ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2003. Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni ọmọ wọn mẹ́ta: Malene Holm, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Anker Kure, tó wà nídìí ààrò bàbá rẹ̀, àti Sidsel Kure, olùkọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ ni Rikke, Jeppe, Nanna àti Villads. Ọmọ-ọmọ-ọmọ ni Liva àti Storm kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Àìsàn ọkàn dá wọn dúró nílé láti oṣù Kẹjọ ọdún yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n ní kí Malene sún mọ́ àwọn. Láti ìgbà tí a ti di àgbà, Màmá kì í fọwọ́ kan ojú wa. Wọ́n ní ẹni tó ń ríran kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ yìí wọ́n ní, "Ojú rẹ dà?"

Malene tẹrí ba. Ọwọ́ àgbà náà rìn lórí iwájú orí rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú sọ̀kalẹ̀, ó dúró lórí gbogbo ìlà tí ọdún ti fà síbẹ̀, ó ń kà á bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò fẹ́ kó tán.

"O ti dàgbà," ni Màmá wí.

"Mo ti di ìyá àgbà, Màmá."

"Ó rẹwà," ni wọ́n wí. "Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó rẹwà báyìí."

Ọwọ́ wọn kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí èémí dúró.

Karna, ọmọ Ipsen, aya Kure, ìyá wa, ẹ ṣeun. Kí ilẹ̀ Stenvig rọ̀ yín lára, kí Olúwa tó dá ìmọ́lẹ̀ fúnra Rẹ̀ wá pàdé yín lọ́nà. Ẹ sùn jẹ́ẹ́, Màmá. Ẹ sùn ire o.